Họ́ọ̀sì àti Agbára Inú Rẹ̀: Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé Ẹ̀ka Nyanya

Ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa ni ó ní kí ọmọ ẹgbẹ́ kan máa dìde lóṣooṣù láti sọ ohun tí ó mọ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kí ìmọ̀ má baà kú mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́. Ní oṣù tí ó kọjá, arábìnrin wa tí ń ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí ni ó bá wa sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wọ̀ wá létí. Èmi kò ní ọ̀rọ̀ tí ó dùn tó bẹ́ẹ̀. Họ́ọ̀sì ni iṣẹ́ mi: mo ń gé e, mo ń fi ẹnu irin sí i, mo sì ń fi ẹ̀rọ fún ẹnu náà mọ́ ọn kí ó má baà já. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó máa ń pè mí ní Bàbá Onírọ́bà. Mo ń jẹ́ orúkọ náà, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín lónìí ni pé kì í ṣe rọ́bà ni ó ń gbé ẹrù. Rọ́bà kàn ń dènà kí omi tàbí epo má jò ni. Ohun tí a hun sí àárín rọ́bà, tí ojú kì í rí, òun ni ó ń gbé ẹrù. Ẹni tí kò bá sì mọ èyí yóò máa fi owó ara rẹ̀ ra ewu wọ ilé.

Ẹ wo ibi tí a ń gbé yìí. Láti ìgbà tí Nyanya ti jẹ́ ibùdó àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ Àbújá ni èrò rẹ̀ ti pọ̀ ju ilé rẹ̀ lọ. Yàrá sún mọ́ yàrá débi pé bí wọ́n bá ń ta ata sínú epo ní ojúlé kìíní, ojúlé kẹta ni wọn yóò ti máa sín. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, họ́ọ̀sì gáàsì ẹnì kan kì í ṣe ti òun nìkan. Ní ojú títì Keffi, típà oníyanrìn àti táńkà epo kì í dáwọ́ dúró tọ̀sán tòru. Nínú típà kan ṣoṣo, họ́ọ̀sì kan ń gbé ọ́ìlì tí ń ti àpótí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, òmíràn ń gbé afẹ́fẹ́ bíréèkì, òmíràn ń gbé dísẹ́ẹ̀lì, òmíràn ń gbé omi rádíétọ̀. Fọkanáísà ní tirẹ̀. Ilé epo ní tirẹ̀. Àwọn tí ń fa omi láti inú kànga tà fún mái rúwà ní tiwọn. A kì í bi ara wa léèrè nípa wọn, àfi ọjọ́ tí ọ̀kan bá bẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ohun tí gbogbo wa mọ̀. Bí a bá yọ túùbù kẹ̀kẹ́ kúrò nínú táyà, tí a sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, yóò wú, ṣùgbọ́n kò ní wú dọ́gba. Ibì kan yóò yọ bíi gẹ̀gẹ̀, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti bẹ́. Bí a bá dá túùbù yẹn kan náà padà sínú táyà, a lè fẹ́ ẹ títí yóò fi le koko, yóò sì gbé bàbá, ìyá àti àpò iṣu lé e. Rọ́bà túùbù kò yí padà. Táyà ni ó dì í mú, okùn tí wọ́n tò sínú táyà ni ó sì di táyà fúnra rẹ̀ mú. Họ́ọ̀sì jẹ́ túùbù àti táyà tí a ṣe pọ̀ di ọ̀kan.

Àwọn fọkanáísà wa ń lo géèjì. Wọ́n mọ̀ pé táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń gba nǹkan bí 30 sí 35. Psi ni wọ́n ń pe ìwọ̀n yẹn. Ìwọ̀n kejì wà tí à ń pè ní báà, òun ni èmi yóò sì máa lò. Ní ti báà, afẹ́fẹ́ táyà yẹn lé díẹ̀ ní 2. Ẹ fi báà 2 yìí sọ́kàn. Ọ́ìlì tí ń ti típà sókè lè tó báà 200, ìlọ́po 100 ti táyà.

Báwo ni 200 ti tó? Mo fẹ́ fi àpò sìmẹ́ńtì ṣe ìṣirò rẹ̀, nítorí gbogbo wa ni a mọ bí àpò kan ti wúwo, kílò 50. Ẹ mú họ́ọ̀sì tí ihò inú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 25, ìyẹn nǹkan bí íǹṣì 1, kí ẹ sì fi báà 200 sí i. Agbára tí ó ń ti ẹnu irin rẹ̀ kí ó lè fò jáde tó ìwúwo kílò 1,000, àpò sìmẹ́ńtì 20, lórí ihò tí àtàǹpàkò fẹ́rẹ̀ẹ́ dí! Ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Lórí gígùn sẹ̀ńtímítà 1 péré, agbára tí ó fẹ́ la họ́ọ̀sì náà sí méjì jẹ́ àpò 10: ògiri ọ̀tún gba 5, ti òsì gba 5. Ṣùgbọ́n bí a bá pín àpò 20 ti ẹnu yẹn yí ká ihò náà, sẹ̀ńtímítà kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bí àpò 2 àbọ̀. Ẹ rí i báyìí pé agbára tí ó fẹ́ fẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po 2 èyí tí ó fẹ́ fà á gùn. Ìdí nìyí tí páìpù tàbí họ́ọ̀sì tí ó bá bẹ́ fi sábà máa ń là gbọọrọ ní gígùn rẹ̀, bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ là á, dípò kí ó já sí méjì bí ìrèké.

Ibí yìí ni iṣẹ́ ẹni tí ń ṣe họ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní láti wá ohun tí yóò gba ìlọ́po 2 ní ẹ̀gbẹ́ àti ìlọ́po 1 ní gígùn, tí yóò sì tún máa tẹ̀ bí ejò. Bí ó bá wé wáyà yí i ká bí ẹni wé ọ̀já, ẹ̀gbẹ́ rí olùgbèjà, ṣùgbọ́n gígùn kò rí. Bí ó bá to wáyà lọ gbọọrọ láti ẹnu dé ẹnu, gígùn rí olùgbèjà, ẹ̀gbẹ́ kò rí. Ohun tí ó ń ṣe ni pé yóò jẹ́ kí wáyà kan wé láti ọ̀tún, kí èkejì wé láti òsì, kí wọ́n sì máa dábùú ara wọn. Ẹ wo àwọ̀n apẹja tí mo mú lọ́wọ́ yìí. Bí mo bá fà á gùn, ó ń tẹ́ẹ́rẹ́. Bí mo bá fẹ̀ ẹ́, ó ń kúrú. Ẹ̀yin tí ẹ ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mọ èyí ju èmi lọ, nítorí àwọ̀n ara igbá náà kò ní jókòó dáadáa bí ojú rẹ̀ bá ga jù tàbí bí ó bá fẹ̀ jù.

Họ́ọ̀sì rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí àwọn wáyà bá dùbúlẹ̀ sí ọ̀nà gígùn jù, nígbà tí agbára bá dé, họ́ọ̀sì yóò sanra yóò sì kúrú. Bí wọ́n bá wé yí ká jù, yóò gùn yóò sì tẹ́ẹ́rẹ́. Láàárín méjèèjì, igun kan ṣoṣo wà tí kò ti ní sanra, tí kò ti ní gùn, tí yóò kàn dúró jẹ́ẹ́. Igun tábìlì yìí jẹ́ dígírì 90, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 45. Igun tí à ń wí yìí ju ìdajì lọ díẹ̀: bí a bá wọ̀n ọ́n láti orí ìlà gígùn họ́ọ̀sì, ó jẹ́ dígírì 54.7. Kò sí ẹni tí ó dìbò yàn án. Ìlọ́po 2 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni ó bí i. Àwọn ọmọ wa tí ń ka ìṣirò ní sẹ́kọ́ńdìrì lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò, igun tí tan rẹ̀, bí a bá fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, yóò fún wa ní 2. Bí ẹ bá bó awọ ìta họ́ọ̀sì gidi, ẹ ó rí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n dì bí irun orí ìyàwó, wọn kò sì ní jìnnà sí igun yẹn. Mo máa ń rò ó nínú ara mi pé bí àwọn ìyá wa onídìrí bá rí ẹ̀rọ tí ń hun wáyà yìí, tí kẹ̀kẹ́ òwú rẹ̀ ń sáré yí ara wọn ká bí àwọn ọmọdé tí ń jó, wọn yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò ní, "Ṣé èyí náà ni ẹ ń pè ní ọgbọ́n òyìnbó?"

Gbogbo ìhun kò ní agbára kan náà. Òwú ni wọ́n fi ń hun ti iṣẹ́ fúyẹ́. Irin ni ti ọ́ìlì típà: ìpele wáyà 1 wà, èyí tí wọ́n ń kọ R1 sí lára rẹ̀, ìpele 2 sì wà, tí wọ́n ń kọ R2. Fún katapílà ńlá, a kì í hun ún mọ́, nítorí wáyà tí a hun ń gun orí ara wọn, wọ́n sì ń ha ara wọn nígbàkúgbà tí agbára bá ń lọ tí ó ń bọ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, a ń wé e ní ìpele 4 tàbí 6, ìpele kan sí ọ̀tún, èkejì sí òsì, pẹ̀lú rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàárín wọn. Lójú títa lórí àtẹ, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúdú bákan náà. Ẹni tí kò bá ka ohun tí a kọ sí ara wọn kò lè mọ ìyàtọ̀.

Nípa ohun tí a kọ yìí, àṣà àwọn tí ń ṣe họ́ọ̀sì ọ́ìlì ni pé wọ́n ń fi ìlọ́po 4 sílẹ̀. Èyí tí a kọ báà 200 sí lára, irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ́ kí ó tó dé báà 800 nígbà tí a bá dán an wò ní titun. Àwọn dírẹ́bà kan gbọ́ èyí, wọ́n ní, "Bàbá, nígbà náà a lè fi 400 sí i kí ó ṣì ku." Rárá o! Ìyókù yẹn ti ní ẹni tí ó ni ín. Oòrùn ní ìpín nínú rẹ̀, ìtẹ̀ síwá sẹ́yìn ní ìpín, ìgbà tí dírẹ́bà bá ṣàdédé ti líbà tí ọ́ìlì sì ta kìjí ní ìpín, ogbó náà ní tirẹ̀. Nígbà tí gbogbo wọn bá ti pín in tán, ohun tí ó kù kò tó ohun tí ènìyàn fi ń ṣeré.

Mo ti sọ pé rọ́bà kàn ń dènà jíjò ni, ṣùgbọ́n n kò sọ pé rọ́bà kò já mọ́ nǹkan. Rọ́bà inú ni ó ń fara kan ohun tí ń kọjá, ó sì gbọ́dọ̀ bá a mu. Irú rọ́bà tí ń gba omi gbígbóná rádíétọ̀ láìkú, bí epo bẹntiróòlù bá kàn án, yóò wú, yóò sì rọ̀ bí fùfú. Rọ́bà ìta ní iṣẹ́ tirẹ̀, láti gba oòrùn àti ìhà. Ní ilẹ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀rùn ń yan rọ́bà, ọyẹ́ ń gbẹ ẹ́, títí tí ojú rẹ̀ yóò fi sán wẹ́wẹ́ bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀. Láti ojú sísán yẹn ni omi òjò ti ń wọlé dé ibi wáyà, ìpẹtà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ wáyà lábẹ́lẹ̀ nígbà tí inú ṣì dára. Nígbà tí ẹ bá rí wáyà lójú, ẹ má ṣe fi téèpù wé e. Téèpù kò ní igun 54.7.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí ó ń ná àwọn ènìyàn wa lówó. Họ́ọ̀sì tí ń tì jáde yàtọ̀ sí èyí tí ń fà wọlé. Ẹ ti rí i létí kànga: ẹnì kan yóò so họ́ọ̀sì ìfọkọ̀ mọ́ ibi tí pọ́ǹpù ti ń fa omi, ẹ̀gbẹ́ họ́ọ̀sì yóò lẹ̀ mọ́ra, pọ́ǹpù ń ké, omi kò wá. Wọn yóò ní pọ́ǹpù ti bàjẹ́, wọn yóò sì gbé e lọ fún mẹkáníìkì. Pọ́ǹpù kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí ó ń fà, inú họ́ọ̀sì ṣófo, afẹ́fẹ́ ayé yìí sì ń tẹ̀ ẹ́ láti ìta pẹ̀lú nǹkan bí báà 1. Ohun tí ó nílò ni egungun, ìyẹn irin tàbí ọ̀rá líle tí ó yí inú rẹ̀ po láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rọ̀ fífà yìí ti pẹ́. Ní ìlú Amsterdam, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Jan van der Heyden, ayàwòrán ni. Ní nǹkan bí ọdún 1672, òun àti arákùnrin rẹ̀ Nicolaes fi awọ rán họ́ọ̀sì panápaná, wọ́n sì tún ṣe èyí tí ń fa omi; ní ọdún 1690, ó tẹ ìwé jáde nípa rẹ̀. Kí tiwọn tó dé, korobá ni a fi ń da omi sí iná, tàbí ẹ̀rọ tí kò lè sún mọ́ ibi tí ń jó. Ṣùgbọ́n awọ tí a rán ní ojú abẹ́rẹ́, ojú abẹ́rẹ́ ni ó sì ti ń jò. Nígbà tí ó yá, àwọn ará Philadelphia ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí fi ìṣó bàbà kàn án pọ̀, kí wọ́n tó wá dé orí aṣọ híhun tí a fi rọ́bà tẹ́ nínú.

Ní ìgbà ogun Hítílà, wọ́n gbé ọgbọ́n náà dé ìsàlẹ̀ òkun. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wá ọ̀nà tí epo yóò fi máa tọ àwọn ọmọ ogun wọn lẹ́yìn dé ilẹ̀ Faransé. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Arthur Hartley, tí ó wà ní ilé-iṣẹ́ epo Anglo-Iranian, ronú pé bí a bá lè tẹ́ wáyà sí ìsàlẹ̀ òkun, a lè yọ wáyà àárín rẹ̀ kúrò kí a fi ihò sílẹ̀ fún epo. Wọ́n ṣe páìpù òjé, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ wé e fún ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì fi wáyà irin bò ó fún gígùn. Wọ́n dán an wò ní December 1942 láti Swansea dé Ilfracombe, ó sì dé Cherbourg ní ọdún 1944. PLUTO ni orúkọ iṣẹ́ náà. Ẹ kíyè sí i pé wọ́n pín ẹrù méjèèjì níyà: ẹ̀gbẹ́ ní aláàbò tirẹ̀, gígùn ní tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń ṣe páìpù títẹ̀ ti inú òkun títí di òní, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Coflexip tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Faransé ní ọdún 1971 sọ di ohun tí ayé ń lò. Egungun irin wà nínú pátápátá, ọ̀rá tí kì í jò tẹ̀ lé e, irin tí a wé ṣùpọ̀ fún ẹ̀gbẹ́ tẹ̀ lé ìyẹn, lẹ́yìn náà irin tí ó dábùú ara wọn fún gígùn, kí ọ̀rá mìíràn tó wá bo gbogbo rẹ̀. Ìdí tí egungun fi wà ni pé omi òkun fúnra rẹ̀ ń tẹ páìpù. Ní Bonga, níbi tí ilé-iṣẹ́ Shell ti bẹ̀rẹ̀ sí fa epo ní ọdún 2005, nǹkan bí kìlómítà 120 sí etí òkun wa, omi jìn ju mítà 1,000 lọ. Ìwúwo omi tí ó jìn tó bẹ́ẹ̀ ju báà 100 lọ. Níbẹ̀ náà, ní 20 December 2011, ìlà kan tí ń gbé epo láti inú ọkọ̀ ńlá náà lọ sí ọkọ̀ tí ó wá gbé e jò nígbà tí wọ́n ń já epo. Ilé-iṣẹ́ náà sọ pé ohun tí ó dànù kò tó àgbá 40,000. Ìlà kan ṣoṣo!

Mo fẹ́ kí a padà sí ìtòsí. Ìgbà tí à ń já nǹkan láti inú ọkọ̀ sínú táńkì ni ìgbà tí ó léwu jùlọ, nítorí ìgbà náà ni gbogbo ẹrù wà lórí họ́ọ̀sì àti ẹnu rẹ̀. Gbogbo wa ni a rántí Lafia, tí kò jìnnà sí wa lójú títì yìí. Ní 10 September 2018, táńkà ń já gáàsì ní ilé epo kan ní ojú ọ̀nà Lafia sí Makurdi nígbà tí iná sọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì kú, títí kan àwọn tí wọ́n sáré wá wòran. Gáàsì tí ń kọjá nínú họ́ọ̀sì nírú àkókò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe afẹ́fẹ́, omi ni; lítà 1 rẹ̀ bí ó bá jáde yóò di nǹkan bí lítà 250 afẹ́fẹ́ tí ń jó. Bí ẹ bá rí táńkà tí ń já gáàsì, ẹ kọjá kíákíá. Ẹ má dúró wo nǹkan kan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì, ti yín ni mo fẹ́ sọ báyìí, ẹ sì jọ̀wọ́ ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ibi ẹnu ni ọ̀pọ̀ họ́ọ̀sì ti ń kú. Àpò sìmẹ́ńtì 20 tí mo wí yẹn, wáyà ni ó gbé e, nítorí náà wáyà ni ẹnu irin gbọ́dọ̀ di mú. Ẹ̀rọ ni ó ń fún un títí dé ìwọ̀n tí ẹni tí ó ṣe ẹnu náà kọ sílẹ̀, a sì ń fi ohun ìwọ̀n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn fífún. Kílíìpù kò lè ṣe é. Kí a gé ẹnu tòkunbọ̀, kí a jó o pọ̀, kí a tún fi òòlù lù ú mọ́ họ́ọ̀sì mìíràn, ọ̀tá ẹni ni à ń bá ṣiṣẹ́. Bákan náà, ìlà tí a kọ sí ara họ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ lọ tààrà. Bí ẹ bá so ó tán tí ìlà náà sì ń lọ́ bí àjàrà, ẹ tú u, ẹ tún un so, nítorí lílọ́ ti yí igun wáyà padà.

Ohun kejì ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ wá ibi tí họ́ọ̀sì ọ́ìlì ti ń jò. Láti inú ihò tí kò tó ojú abẹ́rẹ́, ọ́ìlì a máa ta jáde, ojú kì í rí i, ó sì lè wọ inú ara láìbéèrè. Mo mọ ọmọ iṣẹ́ kan tí ó fi ìka wá a. Ohun tí ó rí kò ju ojú ibi tí ẹ̀fọn jẹ lọ, kò dùn ún, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọwọ́ náà ti wú tí ó sì ń dúdú. Ìka 2 ni ó fi sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, nítorí ọ́ìlì náà ti rìn láàárín iṣan rẹ̀ ní gbogbo òru. Páálí ni kí ẹ fi wá a. Ibi tí páálí bá ti tutù, ibẹ̀ ni. Bí ó bá sì ti wọ ara, ilé ìwòsàn ní wákàtí náà gan-an, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ọ́ìlì ni, kí ó má baà fi oògùn ọgbẹ́ kékeré tọ́jú rẹ̀.

Ó wá ku ilé ìdáná, tí ó kan gbogbo wa. Ẹ ó yà yín lẹ́nu pé nínú gbogbo họ́ọ̀sì tí mo ti dárúkọ, ti gáàsì ìdáná ni ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ jùlọ. Inú sílíńdà ní agbára báà mélòó kan, ṣùgbọ́n rẹ́gúlétọ̀, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní héèdì, ń mú un wá sílẹ̀ sí nǹkan bí báà 0.03. Agbára tí ń ti ẹnu họ́ọ̀sì rẹ̀ kò ju ìwúwo hóró ṣúgà 3 tàbí 4 lọ. Kí ni ó wá fà á tí ó fi ń pa ènìyàn? Ohun àkọ́kọ́ ni pé àwọn kan ń ra héèdì àwọn tí ń dáná ńlá, èyí tí kì í mú agbára wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń so họ́ọ̀sì ilé mọ́ ọn. Ẹrù ti di ìlọ́po púpọ̀ láìjẹ́ pé họ́ọ̀sì mọ̀. Èkejì ni họ́ọ̀sì omi. Ó mọ́ gaara, ó sì dára lójú, ṣùgbọ́n gáàsì a máa fa ohun tí ó mú un rọ̀ jáde, títí yóò fi le, yóò sì sán. Ẹ̀kẹta ni eku. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti rí ojú eyín eku lára họ́ọ̀sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Èyí tí ó sì wọ́pọ̀ jù ní Nyanya níhìn-ín ni kí a gbé sílíńdà sí ìta kí a fa họ́ọ̀sì gba ojú fèrèsé wọlé. Èrò náà dára, ọ̀nà rẹ̀ ni kò dára. Etí irin fèrèsé ń gé họ́ọ̀sì díẹ̀díẹ̀ nígbàkúgbà tí a bá ń ṣí i tí a ń pa á. Páìpù bàbà tàbí ti irin ni kí ẹ fi la ògiri kọjá, kí họ́ọ̀sì wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì nìkan. Gígùn mítà 1 àbọ̀ tó fún họ́ọ̀sì. Kí ó má ṣe gba ẹ̀yìn sítóòfù níbi tí iná ti ń rà á. Kílíìpù gidi ni kí ẹ fi dè é, kì í ṣe wáyà tí a fi ọwọ́ lọ́.

Ní ọjà, ẹ má ra èyí tí kò ní ohun kíkọ lára. Ẹ wá LPG, ẹ wá nọ́ńbà òfin tí wọ́n fi ṣe é, bí BS 3212 àtijọ́ tàbí EN 16436 tí ó rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì wá ọdún tí wọ́n ṣe é. Láti ọdún yẹn ni kí ẹ ka 5, kì í ṣe láti ọjọ́ tí ẹ rà á. Bí ó bá sì sán ṣáájú ìgbà náà, ọjọ́ rẹ̀ ti pé nìyẹn. Oníṣòwò tí ó fi òwú inki kọ ọdún sí i ní ojú yín, ẹ kí i, ẹ máa lọ.

Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ìlẹ̀ ni ó ń rìn bí omi, ó ń kó jọ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti ibi tí ó rẹlẹ̀, bí ó bá sì ti tó nǹkan bí ìdá 2 nínú ìdá 100 afẹ́fẹ́ yàrá, ìṣáná kan tó. Kò ní òórùn fúnra rẹ̀. Wọ́n fi òórùn sí i kí a lè mọ̀ ni. Bí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀, ẹ ti ẹnu sílíńdà pa, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ má ṣe fọwọ́ kan súwíìṣì iná, ì báà ṣe láti tàn án, ì báà ṣe láti pa á. Láti yẹ họ́ọ̀sì wò, ẹ po ọṣẹ pẹ̀lú omi kí ó hó, ẹ fi kan ẹnu rẹ̀ méjèèjì àti gbogbo gígùn rẹ̀. Ibi tí ó bá ti ń yọ ìfófó, ibẹ̀ ni ó ti ń jò. Mo ti rí ẹni tí ń fi ìṣáná wá a. Irun ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà ni.

Mo kó oríṣi họ́ọ̀sì 6 sí orí tábìlì ẹ̀yìn yẹn, mo sì ti bó awọ wọn ní ìdajì kí ẹ lè fi ọwọ́ kan ìhun inú wọn. Akọ̀wé wa sì ní kí n sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí n yẹ họ́ọ̀sì ìdáná rẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó tú u wá sí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, họ́ọ̀sì nìkan ni kí ẹ mú wá. Ẹ fi sílíńdà sílẹ̀ nílé.